Ohun tí iná kì í jó lára igi èmì: ìdáhùn fún ọ̀dọ́ kan tó ń sin adìẹ

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, Bàbá. Ọmọ ọdún 31 ni mí, ìlú Ọ̀yọ́ ni mo ń gbé. Ọdún kẹrin rèé tí mo ti ń sin adìẹ tó ń yé ẹyin. Ní ọdún àkọ́kọ́, àrùn lúkúlúkú pa ju ìdajì wọn lọ. Lẹ́yìn ìyẹn, oúnjẹ adìẹ gbówó lórí débi pé owó ẹyin kò ká a mọ́. Mo jẹ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù wa lówó, ẹ̀gbọ́n mi sì ní kí n wá bá òun ṣiṣẹ́ ní Èkó. Ẹnì kan tó ń bá àwa ọ̀dọ́ sọ̀rọ̀ níbi ìpàdé ní kí n wo ẹyẹ idì. Ó ní bí idì bá pé ogójì ọdún, á lọ sórí àpáta, á máa fi àgógó ẹnu rẹ̀ lu òkúta títí á fi kán, á tu èékánná àti ìyẹ́ ara rẹ̀, á sì jókòó fún oṣù márùn-ún kí òmíràn tó hù, lẹ́yìn náà á tún lo ọgbọ̀n ọdún sí i. Ó ní ẹni tí kò bá lè jẹ irú ìyà bẹ́ẹ̀ kò lè là. Ẹ̀yin tí ẹ mọ igi àti ẹranko, ṣé òótọ́ ni? Kí ni àwọn nǹkan inú ìgbẹ́ ń kọ́ wa gan-an nípa ìforítì? Ṣé kí n máa bá adìẹ lọ ni, àbí kí n kó ẹrù mi lọ Èkó?

Ìdáhùn: Ọmọ mi, o kú ìrọ́jú. Ẹni tó bá ti lo ọdún mẹ́rin nídìí adìẹ ní irú àkókò yìí, kò sẹ́ni tó lè pè é ní ọ̀lẹ. Iṣẹ́ igi àti ìgbẹ́ ni mo fi jẹun, nítorí náà mi ò ní kọ́ ọ bí a ṣe ń tọ́jú adìẹ. Àwọn dókítà ẹran ló ni ìyẹn. Ṣùgbọ́n ohun tí ìgbẹ́ ń sọ nípa ìforítì, mo lè sọ ọ́ fún ọ, torí ó ti pẹ́ tí mo ti ń wò ó.

Jẹ́ ká kọ́kọ́ mú ọ̀rọ̀ idì kúrò lọ́nà. Kò sí òótọ́ nínú rẹ̀. Mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu oníwàásù àti lẹ́nu àwọn tó ń kọ́ni ní òwò, ó sì ń ti orí fóònù kan bọ́ sí òmíràn, àmọ́ kò sí idì tó ń ṣe bẹ́ẹ̀ níbikíbi láyé. Egungun ni àgógó ẹnu ẹyẹ nínú. Ohun líle kan, irú èyí tó wà ní èékánná wa, ló bò ó lóde. Ìbòrí yẹn ń hù lójoojúmọ́, ó sì ń jẹ kúrò lójoojúmọ́ bí ẹyẹ náà ti ń fi í ya ẹran. Bí àgógó bá kán dé egungun, ó bàjẹ́ nìyẹn, òmíràn kò ní hù. Idì tí kò ní àgógó kò lè ya ẹran, èyí tí kò ní èékánná kò lè mú nǹkan kan, èyí tó tu ìyẹ́ ara rẹ̀ kò lè fò. Kí ni yóò wá máa jẹ lórí àpáta fún oṣù márùn-ún? Ebi á ti pa á tipẹ́. Idì inú igbó tó pé ogójì ọdún pàápàá ṣọ̀wọ́n gidigidi.

Ohun tí idì ń ṣe gan-an dùn mọ́ mi nínú ju ìtàn yẹn lọ. Lóòótọ́ ni idì ń pààrọ̀ ìyẹ́, ṣùgbọ́n díẹ̀díẹ̀ ni. Ọ̀kan á bọ́ níhìn-ín, ọ̀kan á bọ́ lọ́hùn-ún, tuntun á sì hù dípò kí òmíràn tó tún bọ́. Àwọn idì ńlá a máa lò ju ọdún kan lọ kí gbogbo ìyẹ́ apá wọn tó di tuntun. Ní gbogbo àkókò náà, wọ́n ń fò, wọ́n ń pa ẹran, wọ́n ń bọ́ ọmọ. Kò sí ọjọ́ kan ṣoṣo tí idì sọ ara rẹ̀ di ohun tí kò lè wá oúnjẹ nítorí pé ó fẹ́ di ọ̀tun.

Ìdí tí mo fi ń bínú sí ìtàn orí àpáta yẹn nìyí. Ó ń sọ fún ọ̀dọ́ pé ìyà fúnra rẹ̀ ló ń bí èrè, pé ẹni tí kò bá tíì ṣe ara rẹ̀ léṣe kò tíì forí tì í tó. Mo ti rí ẹni tó gbà á gbọ́ tó sì ta ilẹ̀ bàbá rẹ̀ láti fi dá owó sí òwò tó ti kú. Mo ti rí ẹni tó kọ̀ láti jẹun dáadáa, tó kọ̀ láti lọ sílé ìwòsàn, torí ó ń forí ti nǹkan. Ìgbẹ́ kò kọ́ ẹnikẹ́ni bẹ́ẹ̀.

Bí o bá fẹ́ fojú rí ìforítì, wọ ọkọ̀ ní Ọ̀yọ́, gba Ìsẹ́yìn kọjá, kí o máa lọ sí apá Ṣakí. Bí o bá ti ń gòkè lọ, igbó á máa fọ́nká, ilẹ̀ ọ̀dàn á máa là sílẹ̀ lójú rẹ. Igi kan wà níbẹ̀ tí kò ga púpọ̀, tí èèpo ara rẹ̀ nípọn tó sì là wẹ́lẹwẹ̀lẹ. Igi èmì ni, òun là ń fi èso rẹ̀ ṣe òrí. Ó pọ̀ ní gbogbo Òkè-Ògùn, ó pọ̀ ní Kaiama àti Baruten ní Ìpínlẹ̀ Kwara, ó dé Parakou ní orílẹ̀-èdè Benin, àti ní ìlà gbogbo ilẹ̀ ọ̀dàn láti Senegal títí dé Uganda.

Ilẹ̀ tí igi yìí ń gbé ń jóná lọ́dọọdún. Bí ọyẹ́ bá ti gbẹ koríko tán, ọdẹ á dáná sí ìgbẹ́ kí ẹran lè jáde, darandaran á dáná kí koríko tútù lè hù, àgbẹ̀ á dáná sun oko, iná á sì bọ́ mọ́ gbogbo wọn lọ́wọ́. Màjàlà á máa fò wọ ìlú, á máa bà lé aṣọ tí a sá. Ó ti ń rí bẹ́ẹ̀ kí a tó bí bàbá àwọn bàbá wa. Nítorí náà, gbogbo igi tó bá máa dàgbà níbẹ̀ gbọ́dọ̀ mọ ohun tí yóò ṣe sí iná.

Wo bí ọ̀ràn èmì ti ṣòro tó. Irúgbìn rẹ̀ kì í ṣe irú èyí tí a lè kó sínú àká di ọdún tó ń bọ̀. Láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀ tí èso bá já bọ́, bí kò bá hù, ó ti kú. Àsìkò òjò ló ń já bọ́, nítorí náà àsìkò òjò ló gbọ́dọ̀ hù, oṣù díẹ̀ péré ló sì ní kí koríko tó gbẹ kí iná tó dé. Igi tó jẹ́ ọmọ oṣù mẹ́rin tàbí márùn-ún, kí ló fẹ́ fi kojú iná?

Ọgbọ́n tó dá rèé. Ọ̀pọ̀ irúgbìn tí a mọ̀, bí wọ́n bá là, wọ́n á ta gbòǹgbò sísàlẹ̀, wọ́n á sì yọ orí sókè. Èmì kì í tètè yọ orí. Ohun tó kọ́kọ́ jáde lára irúgbìn náà kọrí sí abẹ́ ilẹ̀, ó sì gbé ojú èhù, ìyẹn ibi tí igi fúnra rẹ̀ yóò ti yọ, dání wọ inú ilẹ̀. Ìgbà tó bá ti bo ojú náà mọ́lẹ̀ ni èhù á ṣẹ̀ṣẹ̀ yí padà, á sì máa gòkè bọ̀ láti ìsàlẹ̀. Ẹni tó dúró tó ń wo ojú ilẹ̀ á rò pé kò sí nǹkan kan níbẹ̀, tàbí pé irúgbìn ti jẹrà. Iṣẹ́ ńlá ló sì ń lọ lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀.

Bí iná bá wá dé, á jó ewé, á jó ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ tó yọ síta. Ooru iná koríko kì í wọ ilẹ̀ jìnnà, nítorí náà ojú tó wà lábẹ́ ilẹ̀ kò jóná. Òjò àkọ́rọ̀ bá rọ̀, èhù mìíràn á yọ. Ní ọdún kejì iná á tún jó o, á tún yọ. Báyìí ni ọmọ èmì lè ṣe wà fún ọ̀pọ̀ ọdún láìga ju orúnkún lọ, tí ẹni tó ń kọjá á máa rò pé kò dàgbà rárá. Gbòǹgbò rẹ̀ ló ń nípọn, tó ń jinlẹ̀, tó ń kó oúnjẹ pamọ́. Lọ́dún tí iná bá fò ó, á fi ohun tó ti kó jọ sísàlẹ̀ ta sókè, títí orí rẹ̀ á fi kọjá ibi tí ọwọ́ iná ń dé. Láti ìgbà náà lọ èèpo rẹ̀ á máa nípọn, iná ọdọọdún á sì di ohun tó ń kọjá nídìí rẹ̀. Bí a bá gbìn ín láti irúgbìn, ó ń tó ọdún 15 sí 20 kí ó tó so èso àkọ́kọ́, ó sì lè tó ọdún 40 kí ó tó máa so dáadáa. Bí ó bá ti bẹ̀rẹ̀, ọmọ ọmọ ẹni tó dáàbò bò ó á máa ṣa èso nídìí rẹ̀.

Ó yẹ kí o fara balẹ̀ wo ohun tí igi yìí kò ṣe. Kò bá iná jà. Kò gbìyànjú láti gba gbogbo ewé rẹ̀ là. Láti ọjọ́ tó ti là ló ti ya ohun tí iná lè mú sọ́tọ̀ kúrò lára ohun tí iná kò gbọ́dọ̀ dé, ó sì fi èkejì pamọ́ kí wàhálà tó bẹ̀rẹ̀. Èyí ni mo mọ̀ ní ìforítì. Kì í ṣe pé kí ènìyàn di ohun gbogbo mú gírígírí. Kí ó mọ ohun tí yóò jẹ́ kó lọ, kí ó sì mọ ohun tí kò ní jẹ́ kó lọ bí ọ̀run bá ya.

Ìwọ náà wá bi ara rẹ léèrè: kí ni gbòǹgbò iṣẹ́ rẹ, kí sì ni ewé rẹ̀? Iye adìẹ tó wà nínú ilé adìẹ, ewé ni. Kí wọ́n máa pè ọ́ ní ọ̀gá olówò nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ ń ṣe iṣẹ́ oṣù, ewé ni, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó dùn. Pé o kò fẹ́ kí ará àdúgbò sọ pé o gbé iṣẹ́ jù sílẹ̀, ewé gbígbẹ pátápátá ni ìyẹn. Ṣùgbọ́n ohun tí o ti mọ̀ ní ọdún mẹ́rin, bí adìẹ ṣe ń ṣe kí àrùn tó gbé e dè, ẹni tó ń ta oúnjẹ tí kò lábùlà, àwọn ìyá tó ń ra ẹyin lọ́wọ́ rẹ tí wọ́n sì fọkàn tán ọ, gbòǹgbò nìyẹn. Ìlera ara rẹ wà níbẹ̀, oorun alẹ́ rẹ wà níbẹ̀, àlàáfíà ilé rẹ wà níbẹ̀. Orúkọ rẹ nínú ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù sì wà níbẹ̀ jù gbogbo rẹ̀ lọ.

Mo fẹ́ dúró díẹ̀ lórí gbèsè yẹn, torí o kàn dárúkọ rẹ̀ kọjá ni, ó sì jọ pé òun ló ń jẹ ọ́ lọ́kàn jù. Gbèsè fúnra rẹ̀ kò tíì dé gbòǹgbò. Ohun tí yóò gbé iná dé gbòǹgbò ni kí o bẹ̀rẹ̀ sí í sá fún ìpàdé, kí o máa pa fóònù bí akọ̀wé bá pè, kí o máa ṣèlérí ọjọ́ tí o mọ̀ pé kò ní ṣeé ṣe. Ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù kò ní ohun ìdúró mìíràn ju ìfọkàntánni lọ. Ẹni tó bá bà á jẹ́ lónìí kì í rí i lò bí òjò àkọ́rọ̀ bá dé. Lọ bá wọn kí wọ́n tó wá ọ wá. Sọ iye tó kù lọ́wọ́ rẹ gan-an, kí ẹ jọ ṣe àdéhùn iye tí wàá máa san lóṣooṣù, bó tilẹ̀ kéré.

Àwọn àgbẹ̀ Òkè-Ògùn kì í gé èmì tí wọ́n bá bá lóko. Wọ́n á ro ilẹ̀ yí i ká, wọ́n á gbin isu àti àgbàdo sábẹ́ rẹ̀, àwọn ìyá á sì máa ṣa èso rẹ̀ nígbà òjò. Ní báyìí, àwọn tó ń sun èédú ti wọ ibẹ̀, ayùn ti dé. Igi tí iná ọ̀pọ̀ ọdún kò pa, ayùn á gé e lulẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Ó ń dùn mí dé egungun, mo sì ń sọ ọ́ níbi gbogbo tí wọ́n bá ti fún mi láyè sọ̀rọ̀. Mo mú un wá síbí torí ó kan ìbéèrè rẹ: àwọn ohun kan wà tí ìforítì igi kò lè borí, àfi bí ẹlòmíràn bá dìde gbèjà rẹ̀. Owó oúnjẹ adìẹ tó fò sókè ní gbogbo orílẹ̀-èdè kì í ṣe ẹ̀bi rẹ, okun inú rẹ nìkan kò sì lè mú un wálẹ̀.

Ó kù ibi tí o ti béèrè bóyá kí o jáwọ́. Ibi yìí ni ọ̀pọ̀ ìwàásù ìforítì kì í fẹ́ dé. Ẹyẹ ẹ̀gà ni màá fi dá ọ lóhùn.

O mọ ẹ̀gà. Bóyá ni ìlú Yorùbá kan wà tí wọn kò sí: ẹyẹ kékeré, ara rẹ̀ ní àwọ̀ ìyeyè, orí rẹ̀ dúdú, ariwo wọn lórí ọ̀pẹ kì í jẹ́ kí ènìyàn gbọ́ ohun tí ẹnìkejì ń sọ. Àwọn àgbẹ̀ kò fẹ́ràn wọn, torí wọ́n ń ya imọ̀ ọ̀pẹ títí ọ̀pẹ á fi ku egungun lásán. Akọ ló ń hun ìtẹ́. Á fi ẹnu gé etí ewé, á dì í mú, á fò, ewé á sì ya ní tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ̀ lé e. Á kọ́kọ́ hun òrùka kan tí yóò máa dúró nínú rẹ̀ ṣiṣẹ́, láti ibẹ̀ ni yóò ti hun yàrá, tí yóò sì yọ ẹnu ọ̀nà sí ìsàlẹ̀. Bí ó bá parí, á so rọ̀ sábẹ́ ìtẹ́ náà, á máa gbọn ìyẹ́, á máa ké sí abo. Abo á wá, á wọlé, á yẹ̀ ẹ́ wò, á fi ẹnu fà á wò. Lọ́pọ̀ ìgbà, á jáde, á gba ibòmíràn lọ.

Ìtẹ́ tútù ni abo ń fẹ́. Èyí tí ewé rẹ̀ bá ti gbẹ, tó ti pọ́n rúsúrúsú, kì í lágbára mọ́, abo kì í sì í fẹ́ wò ó. Akọ kò ní jókòó ti ìtẹ́ gbígbẹ, kí ó máa sọ pé òun kò ní rẹ̀wẹ̀sì. Bí ó bá tó nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kan tí kò sí abo tó gbà á, á fi ẹnu ara rẹ̀ tú u, fọ́nrán kan lẹ́yìn òmíràn, títí kò fi ní ku nǹkan kan lórí ẹ̀ka. Lẹ́yìn náà á lọ ya ewé tútù, á sì bẹ̀rẹ̀ òmíràn, lọ́pọ̀ ìgbà lójú ibi tí ti àkọ́kọ́ wà gan-an.

Tọkọtaya onímọ̀ ẹranko kan ní Amẹ́ríkà, Nicholas àti Elsie Collias, fi ọ̀pọ̀ ọdún wo ẹyẹ yìí, nílẹ̀ Áfíríkà níbí àti nínú ilé ẹyẹ ńlá ní yunifásítì wọn ní Los Angeles. Wọ́n rí i pé ìtẹ́ tí ọ̀dọ́ akọ kọ́kọ́ máa ń hun kì í dára: á rí jákujàku, á já, kò ní rí bí ìtẹ́. Àwọn tí wọn kò fún ní ewé láti fi kọ́ iṣẹ́ nígbà èwe kò wá mọ̀ ọ́n hun dáadáa nígbà tí wọ́n dàgbà. Ìdí nìyí tí akọ tó tú ìtẹ́ rẹ̀ ká kò fi bẹ̀rẹ̀ láti òdo. Ìtẹ́ ló tú. Ohun tí ẹnu àti ẹsẹ̀ rẹ̀ ti mọ̀ kò tú.

Nítorí náà, má bi ara rẹ bóyá o ní ìforítì tó. Bi ara rẹ bóyá ewé náà ṣì tútù. Kò ṣòro láti mọ̀, ìwé àti bíró ló ń fẹ́. Kọ gbogbo owó tó wọlé láti ara ẹyin ní oṣù mẹ́ta tó kọjá sílẹ̀. Kọ owó oúnjẹ, oògùn, omi, iná àti ọkọ̀ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, kí o sì pín in dé orí kírétì kan. Má yọ owó ọwọ́ tìrẹ sílẹ̀, torí ìwọ náà ń jẹun. Bí o bá ń fi owó kún kírétì kọ̀ọ̀kan kí o tó tà á, tó sì ti rí bẹ́ẹ̀ ní oṣù mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ìtẹ́ yẹn ti gbẹ. Tú u. Ta àwọn tí yíyé wọn ti dínkù kí wọ́n má baà jẹ owó àwọn tó kù. Kì í ṣe iṣẹ́ ọ̀sìn ni o ń tú o, ìtẹ́ kan lórí ẹ̀ka yẹn ni. Ọ̀nà kan ò wọ ọjà. Àwọn kan wà tó jẹ́ pé ìgbà Iléyá àti Kérésì nìkan ni wọ́n ń sin adìẹ ẹran, wọn kì í bọ́ ẹyẹ kankan ní oṣù tó kù. Àwọn kan ń sin adìẹ ìbílẹ̀ tó ń jẹ̀ kiri. Bi dókítà ẹran tó ń bá ọ gún abẹ́rẹ́ àjẹsára èwo ló lè bá àyè àti owó tìrẹ mu.

Àwọn àgbà ní bí ọmọdé bá ṣubú a wo iwájú, bí àgbà bá ṣubú a wo ẹ̀yìn. Ọdún mẹ́rin ti sọ ọ́ di àgbà nídìí iṣẹ́ yìí. Lúkúlúkú tó pa wọ́n lọ́dún àkọ́kọ́, ṣé abẹ́rẹ́ ni kò tó àsìkò ni, àbí àjèjì adìẹ ni o kó wọ àárín wọn? Bí o kò bá tíì mọ̀, wá a mọ̀ kí o tó tún ra ọmọ adìẹ kan ṣoṣo, níbikíbi tó o bá wà.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí kò dùn gbọ́, ṣùgbọ́n mi ò ní fi pamọ́ fún ọ. Ní alẹ́ tí òjò àkọ́kọ́ bá rọ̀, o mọ bí èsúnsún ṣe máa ń tú jáde láti inú ilé ikán, tí àwọn ọmọdé á gbé omi sínú abọ́ sábẹ́ iná láti mú wọn. Ẹyẹ ń jẹ wọ́n, ọ̀pọ̀lọ́ ń jẹ wọ́n, aláǹgbá ń jẹ wọ́n, èèrà ń wọ́ wọn lọ. Nínú ẹgbẹẹgbẹ̀rún tó fò, díẹ̀ kíún ló ń rí ẹnìkejì, tó ń gé ìyẹ́ ara rẹ̀ sọnù, tó ń gbẹ́ ihò kékeré, tí wọ́n á sì ti ara wọn mọ́ inú rẹ̀ láìjáde. Nínú ihò yẹn, ọ̀rá ara wọn àti ẹran tó ń gbé ìyẹ́ wọn fò tẹ́lẹ̀ ni wọ́n fi ń gbé ẹ̀mí ró títí àkọ́bí wọn á fi lè ṣiṣẹ́. Láti ara méjì bẹ́ẹ̀ ni ọ̀gán tó ga ju ènìyàn lọ ti ń jáde.

Àwọn tó kú kò ṣe ọ̀lẹ. Gbogbo wọn ló fò, gbogbo wọn ló sapá. Aláǹgbá ló kọ́kọ́ dé ibi tí àwọn kan bà sí. Ẹnikẹ́ni tó bá sọ fún ọ pé àìforítì ló pa adìẹ rẹ, tàbí pé ìgbàgbọ́ rẹ kò tó, kò mọ ohun tó ń sọ. Má gbé ẹ̀bi tí kì í ṣe tìrẹ lé orí. Ẹrù tó wà lọ́rùn rẹ ti tó.

Níkẹyìn, ọ̀rọ̀ ìrókò kan ọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ. Ó ti pẹ́ tí àwọn onímọ̀ igbó ti ń gbìyànjú láti gbin ìrókò lọ́pọ̀ yanturu sójú kan náà, ìrókò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìrókò. Kì í fi bẹ́ẹ̀ yọrí sí rere. Kòkòrò kékeré kan tí wọ́n ń pè ní Phytolyma á ya bò ó, ewé àti ojú èhù á wú ní kókó kókó, wọ́n á jẹrà, ọmọ ìrókò á sì kú láti orí wálẹ̀. Igi kan náà tó jẹ́ alágbára inú igbó! Bí a bá fọ́n ọn ká sáàárín àwọn igi mìíràn, kòkòrò náà kì í tètè rí i, ó sì ń rí àyè dàgbà. Igi kan kì í dá igbó ṣe. Ẹni tó dá wà pẹ̀lú adìẹ rẹ̀, tó ń dá ra oúnjẹ, tó ń dá ru gbèsè, tí kò fẹ́ kí ẹ̀gbọ́n òun mọ bó ṣe ń lọ, kò lágbára ju ẹni tó ní ènìyàn yí i ká. Ẹ̀gbọ́n rẹ tó nawọ́ sí ọ kò wá dán ìforítì rẹ wò. Igi tó dúró tì ọ́ ni.

Nítorí náà, èrò tèmi rèé, mo sì sọ ọ́ bí mo ṣe máa sọ ọ́ fún ọmọ bíbí inú mi. Bí ìṣirò oṣù mẹ́ta yẹn bá fi hàn pé o ń pàdánù, ta adìẹ tó ń yé, san nínú owó ẹgbẹ́, kí o lọ bá ẹ̀gbọ́n rẹ fún àkókò kan tí ẹ jọ fẹnu kò sí. Má ta ilé adìẹ, má ta àgò, má ta ilẹ̀. Wá ẹnì kan tó ṣeé fọkàn tán kó máa gbá ibẹ̀, bó bá sì ṣeé ṣe kí ó máa sin adìẹ ìbílẹ̀ díẹ̀ níbẹ̀ kí ilé má baà di ibùgbé ejò. Ṣùgbọ́n bí ìṣirò náà bá fi hàn pé èrè kékeré ṣì wà, dín wọn kù sí iye tí o lè bọ́ láìyáwó, wá àwọn méjì mẹ́ta tí ẹ ó jọ máa ra oúnjẹ pọ̀, kí o sì wá iṣẹ́ àbọ̀ ọjọ́ kún un ní Ọ̀yọ́. Ìyẹ́ kan bọ́, ìyẹ́ kan hù, kí o má baà já bọ́ láti òkè.

Kí o tó dá ẹ̀gbọ́n rẹ lóhùn, bi í ní tààrà: èló ni yóò máa san lóṣooṣù, níbo ni wàá sùn, ṣé yóò sì gbà kí o máa wá sílé lọ́jọ́ ìpàdé ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù kí o lè fi ọwọ́ ara rẹ san owó wọn? Bí ó bá gba ti ìkẹta yìí, o lè lọ láìfòyà. Bí kò bá gbà á, ní kí akọ̀wé ẹgbẹ́ fún ọ ní nọ́ńbà àkáǹtì wọn ní báǹkì kí o tó wọ ọkọ̀, kí o sì tọ́jú gbogbo ìwé ẹ̀rí owó tó o bá san.